Lẹ́tà sí Nana, ìyá tó gbà mí tọ́ ní Herne Bay, ìlú etí òkun ní England

Nana mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò gbọ́ Yorùbá, ẹ sì ti papòdà tipẹ́, àmọ́ èdè tí mo fi ń ronú nìyí, òun náà ni màá fi kí yín.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi wá bá yín ní 1956. Àwọn òbí mi ń kàwé ní London, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ alẹ́, onílé wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọdé. Bíi ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ìgbà náà, inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Àwọn kan ní torí pọ́n-ùn 3 ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ṣe gbà mí. Owó yẹn kì í tètè dé, Nana, ebi ò sì pa mí rí.

Wọ́n ti fòpin sí ìwé ìpín oúnjẹ láti 1954, síbẹ̀ ẹ ṣì ń wọn ṣúgà bí ẹni tí ogun ò tíì tán lójú rẹ̀. Okùn tí wọ́n bá fi di ẹrù, ẹ ó tú u, ẹ ó ká a, ó di inú agolo bísíkíìtì. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó tan tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé mi, ẹ ó dúró síta nínú òtútù, ẹ ó máa kọrin kí n lè mọ̀ pé ẹ ò tíì lọ.

Ní oṣù kìíní 1963, òkun dì. Òkun odindi! Mílíìkì tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà náà dì, ó yọrí jáde lẹ́nu ìgò, ìdérí rẹ̀ wà lórí bíi fìlà. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ fún mi jẹ.

Ìyá mi máa ń wọ rélùwéè wá láti ibùdókọ̀ Victoria ní London lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun ló kó òrí wá nígbà tó rí i pé ara mi ń funfun. Ẹ jókòó tì í, ẹ ń wo bó ṣe ń pa á. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ iná lẹ máa ń gbé ìgò òrí sí láàárọ̀, kó lè yọ́ kí n tó jí.

Ní 1964, ìyá mi wá mú mi. Ó ní, "Wá, ọkọ mi." Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo di etí aṣọ yín mú. Ẹ̀yin lẹ tú ìka mi níkọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà yín dé Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fèsì. Bí mo bá ti dárúkọ yín, ojú ìyá mi máa ń yí padà, mo sì rò pé bí mo bá kọ̀wé sí yín, mo ti dalẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí dòní.

Nínú ìkejì, ẹ bi mí bóyá mo ṣì ń bẹ̀rù òkùnkùn. Rárá, Nana. Mo máa ń kọrin.

Ọmọ yín ni.