Lẹ́tà sí Àwọn Òbí, Sáà Kejì: Ìpàgọ́ Wa ní Etí Adágún Raven

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún bí ẹ ṣe dúró ti àwọn ọmọ ní sáà tó kọjá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ti Katy àti Pearland wakọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá wa ní Houston ní gbogbo Àbámẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tààrà, tí ẹ ó kàn mú ọmọ nílé, tí ẹ ó sì gbé e wá láìtíì fojú kan oorun. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn.

Kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀ padà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò yí padà. Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé, tí í máa ń jẹ́ 21 oṣù Èrèlè lọ́dọọdún, bọ́ sí ọjọ́ kíláàsì wa gan-an lọ́dún yìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì ki oríkì ìdílé rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wá a láti ìsinsìnyí. Ẹ pe àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà nílé, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ó parí ní ti kíláàsì. Ìyókù lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ ìpàgọ́ ló ni ín.

Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì 10 sí ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú 12 oṣù Igbe, a ó pàgọ́ sí etí Adágún Raven, nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba Texas tí wọ́n ń pè ní Huntsville State Park. Bí a bá gba títì I-45 lọ sí àríwá láti Houston, ó tó nǹkan bí máìlì 70. Exit 109 ni a ó ti yà. A yan ọjọ́ yìí kí ààwẹ̀ Ràmàdánì àti ọdún Àjíǹde lè ti kọjá, kí ìdílé kankan má baà sọ pé a fi ti òun sílẹ̀. Oṣù márùn-ún ṣáájú ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn gba ààyè, nítorí náà láti oṣù Bélú ni a ti gba ojúkò ìpàgọ́ mẹ́fà sílẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ ni òfin fi mọ fún ojúkò kan, ọmọdé àti àgbà. Ẹni 48 péré ni a lè jẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ bá wa lọ. Ọmọ tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò bá lè wà níbẹ̀, a kò ní lè mú un dání. Mo mọ̀ pé èyí yóò nira fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ̀wé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ lè tètè tọrọ ààyè tàbí kí ẹ bá ẹlẹgbẹ́ yín ṣe pàṣípààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí ẹ̀yin kò bá sì rí ààyè rárá, àǹtí tàbí bọ̀dá tó jẹ́ àgbàlagbà, tí ẹ fọwọ́ sí lórí fọ́ọ̀mù, lè dúró fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi dúró lórí èyí. Ní oṣù Ọ̀pẹ, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Wọ́n ka ìtàn Ìjàpá láìṣìnà, ohùn wọn gún, inú mi dùn dé ìwọ̀n. Bí aago ìsinmi ṣe lù báyìí, ọmọkùnrin kan na ẹsẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun di okùn bàtà òun. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Olùkọ́ kò jẹ̀bi, àwọn ọmọ náà kò sì jẹ̀bi. Yorùbá tí a fún wọn, ti ìwé ni. A kò tíì fi í rán wọn níṣẹ́, a kò tíì fi í bá wọn gbé nǹkan tó wúwo.

Iṣẹ́ ni ìpàgọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Di okùn yẹn mú. Fà á díẹ̀ sí i. Kan èèkàn yìí mọ́lẹ̀, má kàn án mọ́ ìka rẹ. Ta ni yóò pọn omi wá? Fẹ́ iná yẹn kó má kùú. Ta ló jókòó sórí àpò ìsùn mi? Bí àwọn òbí bá ń fi Yorùbá sọ irú èyí láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ebi iṣu sì ń pa ọmọ, yóò dáhùn ní Yorùbá kí iṣu tó jinná. Èmi àti àwọn olùkọ́ kò pọ̀ tó láti ṣe é fún gbogbo wọn. Ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ èdè yìí kọ́kọ́, ẹ̀yin náà ni wọn yóò fẹ́ dá lóhùn.

Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, iṣu sísun ni a ó jẹ. A ó jẹ́ kí igi jó di ẹyin iná, a ó tẹ́ iṣu sínú rẹ̀ pẹ̀lú èèpo, a ó máa yí i títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú yí ká. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá ti tó ọ̀bẹ mú yóò fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha eérú àti èèpo jíjóná kúrò, títí yóò fi kan ibi tó pupa bí àlùbọ́sà lẹ́bàá ibi tó funfun, tí òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo ojúkò kan. Epo pupa àti iyọ̀ ni a ó fi jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni àlọ́. Ẹ̀yin òbí ni yóò pa á, nítorí náà kí olúkúlùkù yín rántí ọ̀kan tó lórin.

Òbí kan béèrè ní ìpàdé tó kọjá bóyá irú ibẹ̀ wà fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ìbéèrè náà tọ́, mi ò sì fẹ́ kí a fò ó. Aláwọ̀ dúdú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Civilian Conservation Corps sílẹ̀. Ikọ̀ 1823 ló ṣe iṣẹ́ Huntsville, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe ọmọ ogun rí ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ ìdídò tó sọ odò di adágún, wọ́n kọ́ ilé ìpàdé àti ilé ọkọ̀ ojú omi tí a ó fojú rí, ní àkókò tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ṣì le koko ní Texas. Ọgbà náà ṣí ní 1938. Òjò ńlá ba ojú ibi tí omi ń gbà lórí ìdídò jẹ́ ní 1940, ọgbà náà kò sì ṣí padà títí di 1956. Orúkọ adágún náà pàápàá bá ìlú wa tan: Raven ni orúkọ tí àwọn ará Cherokee, ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń pe Sam Houston, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú Houston. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dúró lórí ìdídò yẹn, kí a sì sọ fún wọn ẹni tó mọ ọ́n.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Èèyàn lè wẹ̀ nínú Adágún Raven ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọgbà náà kò gba ẹnikẹ́ni tí yóò máa ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀. Àwa ni a ó ṣọ́ ọmọ wa. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ohun tó ń pa àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tó omi. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo bí ti inú fíìmù. Orí rẹ̀ yóò wọ́ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ yóò bá ojú omi dọ́gba, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ omi bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀, kò sì ní lè na ọwọ́ sókè pè yín. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó lè ti wọlẹ̀. Ìyá rẹ̀ lè wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá síbẹ̀, kó máa dá fóònù lóhùn.

Nítorí náà, a ó ní olùṣọ́ omi. Àgbàlagbà méjì tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni yóò máa ṣe é pọ̀, ìṣẹ́jú 15 ní ìgbà kan. Fìlà pupa yóò wà lórí wọn. Ẹni tó bá dé fìlà yìí kò ní mú fóònù lọ́wọ́, kò ní bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ, kò ní yí ojú kúrò lójú omi. Bí àsìkò rẹ̀ bá tó, yóò ka iye ọmọ tó wà nínú omi sókè, ẹni tó fẹ́ gbà á yóò tún un kà, kí ó tó bọ́ fìlà lé e lọ́wọ́. Bí fìlà kò bá sí lórí ẹni méjì, gbogbo ọmọ yóò jáde.

Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ yóò wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tí Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ etí òkun Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí, àní bí eré etí omi nìkan ló fẹ́ ṣe. Róbà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sí ọmọ lápá kò tó. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá tíì pé 13, òfin Texas pàápàá ló ní kó wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré tó bá wà lórí ìrìn. Oṣù mẹ́ta ṣì wà níwájú wa. Ẹ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ ní YMCA tó sún mọ́ yín, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sọ pé ká má súnmọ́ odò. Ìbẹ̀rù yẹn dáàbò bò wá nígbà náà. Àwọn ọmọ wa ń gbé níbi tí odò ìwẹ̀ wà ní gbogbo àgbàlá, wọ́n nílò ju ìbẹ̀rù lọ.

Ọ̀nì wà nínú adágún náà. Mo ń sọ ọ́ báyìí kó má jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́. Irú ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní alligator ni, ó sì máa ń sá fún èèyàn bí a kò bá yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ààyè tó tó 30 ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán, wà láàárín yín àti òun. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ju oúnjẹ sí i. Òfin kọ̀ ọ́, nítorí ọ̀nì tó bá ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn kì í bẹ̀rù èèyàn mọ́. Kò sẹ́ni tí yóò wọ omi níta ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò wọ̀ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Àwọn nǹkan yòókù kò le. Àgọ́, àpò ìsùn tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oògùn ẹ̀fọn, sòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí eégbọn àti èèrà aláta. Ẹ mú súwẹ́tà dání, òru lè tutù. Ìdílé tí kò ní àgọ́, ẹ má rà á. A ó yá yín. A kò gbọdọ̀ ṣa igi nínú ọgbà náà, a ó ra igi ìdáná. Bí ọ̀dá bá mú tí wọ́n sì fòfin de iná, ìdáná gáàsì ni a ó lò, iṣu yóò wá di sísè. Lálẹ́, gbogbo oúnjẹ yóò wà nínú ọkọ̀, nítorí àwọn ẹranko raccoon mọ bí wọ́n ti ń ṣí kúlà. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí náà ẹ fi spíkà sílé, ẹ sì fi ọtí sílé pẹ̀lú. Bí àrá bá sán, inú ọkọ̀ ni gbogbo wa ń lọ, àgọ́ kì í gbani lọ́wọ́ mọ̀nàmọ́ná. Bí ojú ọjọ́ bá burú jù, ẹ ó gbọ́ láti ẹnu mi kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ tó ní ikọ́ fée, tàbí tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, ẹyin tàbí oró kòkòrò, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, kí oògùn rẹ̀ sì wà lára yín níbi gbogbo, kó má wà nínú ọkọ̀. A ó fi ààyè sílẹ̀ fún ìrun ní gbogbo àsìkò rẹ̀, a ó sì ṣe ìsìn kékeré ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú fún àwọn tó bá fẹ́, kí a tó tú àgọ́.

Dọ́là 60 ni ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò san fún ojúkò, oúnjẹ àti igi. Owó ẹnu ọ̀nà tí ọgbà náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti pé ọdún 13 sókè yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún àwọn ọmọdé. Ìdílé tí owó yìí bá ni lára, kó bá èmi nìkan sọ̀rọ̀. Ọmọ kankan kò ní jókòó sílé nítorí owó.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta 24 oṣù Ṣẹ́rẹ́, lẹ́yìn kíláàsì, a ó na àgọ́ kan sí àgbàlá kí gbogbo yín lè fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì bi wá ní ìbéèrè. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà kó tó di 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́, pẹ̀lú orúkọ àgbàlagbà tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ,

Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́