Lẹ́tà sí màmá tó fún mi ní àpótí jókòó lọ́jọ́ ìdìbò

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò sì mọ orúkọ yín títí dòní, àmọ́ mo mọ àpótí yín. Àpótí onígi kúkúrú kan báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti sán, ẹ wá fi wáyà wé e. Orí ẹ̀ ni mo jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù keje 2018, ní póòlíǹ yúnìtì wa l'Ádó-Èkìtì, nígbà tí mo pòṣé sí yín.

Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà yẹn, mo ti wà lórí láìnì látàárọ̀ kùtù, ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ̀yin lẹ wà níwájú mi, ẹ wojú mi báyìí lẹ bá ní "jókòó díẹ̀ ọmọ mi, èmi á nàró", ẹ tún ṣẹ́ àgbàdo sísè ọwọ́ yín sí méjì ẹ fún mi ní ìdajì. Nígbà tó kàn yín, ẹ fi eyín tú kókó tẹ́ ẹ ta sí etí ìró yín, káàdì ìdìbò ló wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú 35 ló du ipò gómìnà lọ́jọ́ yẹn, bébà yẹn gùn, ọwọ́ yín sì ń gbọ̀n díẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ tẹ̀ka tán, kẹ́ ẹ tó ká a, ẹ gbé e sókè, ẹ yí i sọ́dọ̀ bọ̀bọ́ kan tó fara ti ògiri, bọ̀bọ́ náà mi orí. Mo rí i, gbogbo wa la rí i. "Dìbò kóo sebẹ̀" ni wọ́n ń pe títa ìbò l'Ékìtì lọ́dún yẹn, àwọn ọmọdé gan-an ti ń fi ṣe orin.

Inú bí mi débi pé mi ò lè gbé e mì. Bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀ wá gba àpótí yín ni mo pòṣé, mo ní "irú àwọn yìí ló ba Èkìtì jẹ́." Ẹ gbọ́. Ẹ dúró, ẹ wojú mi, ẹ ò bínú o, ẹ kàn ní "jókòó, iwájú ṣì jìn. Tó o bá ṣetán, gbé e fún ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà yẹn, ó mọ ilé mi." Lẹ bá lọ.

Mi ò gbé e fún un, Màmá. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ní mi ò lè máa ru àpótí ẹni tó ta ìbò. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń rántí ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí báyìí ni pé mo ti padà sílé, ní Ìkẹ́rẹ́, lọ́dọ̀ màmá mi, láti bí oṣù mẹ́ta. Ìgbésí ayé ibí ò lariwo. Ìkùukùu máa ń bo òkè Olósùnta láàárọ̀, òjò á rọ̀ sórí páànù títí o ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ń sọ, tó bá dá, a máa jáde lọ tu koríko ìdí àgbàdo. Àfi tí mọ́tò kámpéènì bá kọjá pẹ̀lú gbohùngbohùn, torí INEC ti mú ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2026 fún ìdìbò gómìnà. Pósítà ti bo ògiri wa, a ò tiẹ̀ mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́.

Níbi tí mo ti ń gbé pẹ̀lú màmá mi yìí ni mo ti rí nǹkan tí mi ò rí lọ́dún 2018. Ẹ wò ó, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni a dìbò ní 2014. Ní 2018, oṣù keje. Ní 2022, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà. Ilé ẹjọ́ ló bá wa gbé e síbẹ̀, ní 2010 tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ìlọrin ní Fáyẹmí ló wọlé sípò gómìnà, tí wọ́n sì búra fún un lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá, látìgbà yẹn ni sáà gómìnà wa ti ń parí nínú oṣù kẹwàá, ìdìbò wá ń bọ́ sínú òjò. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò ní kí kóòtù má dájọ́ òdodo. Àmọ́ ta ni ò mọ ohun tí oṣù kẹfà jẹ́ l'Ékìtì? Ìgbà yẹn ni abà máa ń ṣófo. Uṣu tó kù ti di ẹ̀bù, ó ti wọlẹ̀, tuntun ò sì tíì jáde, èyí tó wà lọ́jà wọ́n bí ojú. Nílé wa, odó ti dojú dé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀bà là ń jẹ, màmá mi tí kì í lè sùn láìjẹ iyán. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó ń ra ìbò máa ń kanlẹ̀kùn.

Wọ́n kan tiwa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan, ojú tá a mọ̀, ìwé gígùn lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun ń kọ nọ́ńbà káàdì sílẹ̀ fún "ìrànlọ́wọ́". Màmá mi wọlé, ó fa káàdì ẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó jáde, kò fún obìnrin náà, kò sì dá a padà. Ó kàn dì í mú, ó ń wojú mi. Màmá, ojú yín ni mo rí lójú ẹ̀. Mo ní kó má fún un, kò sì fún un, àmọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí alẹ́, èmi náà ò sì rí uṣu kankan gbé fún un.

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ṣì gbà pé kò dáa. Òfin ìdìbò ní ẹni tó fún àti ẹni tó gbà, àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà ńbẹ̀. Mi ò gbà á rí, mi ò sì ní gbà á. Ṣùgbọ́n bọ̀bọ́ tó fara ti ògiri yẹn, mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ẹni tó gbé owó fún un, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì wá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún mi ní àgbàdo ni mo rí bú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Káàdì mi ṣì wà ní yúnìtì yẹn l'Ádó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni màá lọ, torí mọ́tò ò ní rìn lọ́jọ́ ìdìbò. Mo ti ní kí káfíńtà kan àpótí kan fún mi, igi ìrókò, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló le. Tẹ́ ẹ bá ṣì wà láyé, tẹ́ ẹ bá wá, ẹ jókòó, èmi á nàró.