Jọ́kì tí mò ń wí yìí kì í ṣe DJ o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tí arákùnrin kan ti ní káwọn òbí tó wà lókè òkun yé fi ọmọ ṣòfò sídìí eré tí ò lórí tí ò nídìí, tó wá mẹ́nu ba gígun ẹṣin eré ìje pé iṣẹ́ onítẹ́tẹ́ ni, pé iṣẹ́ òyìnbó sì ni, èmi ni mo fẹ́ fèsì sí i, torí ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé mi wá ni. Mi ò bínú o. Ohun tó sọ yẹn lèmi náà sọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, àfi bí ẹni pé ẹnu mi ló ti gbà á.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù ńbí, ọdún kọkàndínlógún rèé. Àbíkẹ́yìn mi, obìnrin, ọmọ ọdún 15 ni nígbà yẹn, pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, ló wọlé lọ́jọ́ kan tó ní "Dádì, mo fẹ́ di jọ́kì." Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, DJ ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní ìwọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tan sípíkà ní pátì, wàá ti máa di etí, ta lo fẹ́ máa lu orin fún? Ó ní rárá, jọ́kì orí ẹṣin. Ìyá ẹ̀ tó ń dín dòdò lọ́wọ́ yíjú padà, ó ní "ẹṣin bíi ti Ojúde Ọba?" Ọmọ ní rárá mummy, ẹṣin tó ń sáré ìje. Ìyá ẹ̀ ní "èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ yẹn?" Dòdò ọjọ́ yẹn, jíjóná ló jóná.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kan wà ní Brixton, ní Lọ́ńdọ̀nù ńbí, tí wọ́n ń pè ní Ebony Horse Club, àárín ilé alájà gogoro ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin, ọmọ tí bàbá ẹ̀ ò ní kọ́bọ̀ náà á rí ẹṣin gùn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Khadijah Mellah ti kọ́ ọ, ọmọbìnrin tó fi híjáàbù sábẹ́ akoto tó gba ipò kìíní nínú eré Magnolia Cup ní Goodwood lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ọmọ ọdún 18 ni, oṣù mélòó kan péré ṣáájú ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lórí ẹṣin eré ìje. Haverland lorúkọ ẹṣin náà. Eré tí wọ́n fi ń kówó jọ fún iṣẹ́ àánú ni eré yẹn o, kì í ṣe ti àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́, Khadijah fúnra ẹ̀ sì lọ kàwé ẹnjiníà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà, tiwa wà nínú wọn, ẹṣin iwájú sá ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Mo wá fẹ́ kí arákùnrin wa mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ gan-an, torí ó dà bí ẹni pé ó rò pé ọmọ kàn ń jókòó lórí ẹṣin ni, tí ẹṣin ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ilé-ìwé méjì ló wà ní England tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ọ̀kan ní Newmarket, èkejì ní Doncaster. Ti Newmarket ni ọmọ mi lọ nígbà tó pé 16. A ò san owó ilé-ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, kódà wọ́n ń gba ẹni tí ò gun ẹṣin rí láyé ẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e gùn kì í ṣe ẹlẹ́mìí, ẹ̀rọ ni, ó ń mì sókè sódò, ọmọ á wà lórí ẹ̀, á ká orúnkún kò, á tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wà bẹ́ẹ̀ títí itan á fi máa gbọ̀n. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gẹṣin tó lóun ò ní ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn á bá a jù ú. Ó dáa, jọ́kì ò gbọ́dọ̀ ju ìpàkọ́ o, bó bá jù ú pẹ́nrẹ́n, afẹ́fẹ́ á dì í mú, ẹlòmíì á kọjá lára ẹ̀.

Kó tó gun ẹṣin ẹlẹ́mìí, á kó ìgbẹ́ ẹṣin ná. Aago márùn-ún ìdájí ti bá a lẹ́nu iṣẹ́, òtútù, òkùnkùn, fọ́ọ̀kì ńlá lọ́wọ́, á kó koríko tó rẹ, á tẹ́ tuntun, á fọ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin, á wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá ó gbóná, torí tẹ́sẹ̀ bá gbóná nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Ọmọ tí mo máa ń pariwo mọ́ kó tó palẹ̀ yàrá ẹ̀ mọ́! Ìgbà àkọ́kọ́ tó wálé, mo wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó le gbandi bíi ti birikílà, bàtà ẹ̀ sì ń rùn débi pé ìyá ẹ̀ gbé e sí bálíkónì.

Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan tí mi ò níṣẹ́. Ìlú kékeré ni Newmarket ní Suffolk lọ́hùn-ún, ẹṣin eré ìje tó wà níbẹ̀ sì lé ní 3,000, ẹṣin ló ni títì. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú iná pupa, mo rí i pé bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí iná dá mọ́tò dúró, òkè ni wọ́n gbé e sí, ibi tí ọwọ́ ẹni tó wà lórí ẹṣin á ti tó o. Ẹṣin bí ogún tò tẹ̀ léra wọn, èéfín ń jáde nímú wọn, lọ́ọ̀lì ńlá dúró, bọ́ọ̀sì dúró, kò sẹ́ni tó fun fèrè. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Warren Hill, wọ́n ń sáré gun òkè náà ní méjì méjì, ilẹ̀ ń dún gìrì gìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kí n tó rí wọn, gbogbo wọn dé akoto, mi ò mọ èwo ni tèmi. Òun ló pè mí. Ó ní "Dádì!" ó ti kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti tẹ́tẹ́, torí òun ló ká arákùnrin yẹn lára jù. Jọ́kì tó bá ti ní láísẹ́ńsì ò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ ẹṣin, ì báà jẹ́ pọ́n-ùn kan. Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, láísẹ́ńsì ẹ̀ wọ gàù. Fóònù pàápàá, wọn ò jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n níbi tí wọ́n ti ń múra lọ́jọ́ eré, kó má di pé ẹnì kan ń ta ẹlòmíì lólobó. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn, bàbá arúgbó tó ń mu tíì lẹ́yìn ọgbà láǹfààní àti ta tẹ́tẹ́ ju ọmọ tó wà lórí ẹṣin lọ.

Ohun tó yẹ kó ba òbí lẹ́rù wà o, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni, àmọ́ kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Ìwọ̀n ara nìkíní. Nínú eré pẹrẹsẹ, èyí tí ò ní fífo nínú, àwọn ẹṣin kan wà tí ẹni tó máa gùn wọ́n, òun àti gàárì ẹ̀ lápapọ̀, ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi kílò 52 lọ. Wọ́n á wọ̀n ọ́n kó tó gun ẹṣin, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn eré. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń jókòó sínú yàrá ooru tí wọ́n ń pè ní sọ́nà títí omi ara wọn á fi gbẹ, wọ́n á wá jáde lọ gun ẹṣin, ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí wọ́n ti kó sọ́nà kúrò ní gbogbo pápá eré nílẹ̀ yìí, inú mi dùn sí ìyẹn. Síbẹ̀ ẹ wo ìyá tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, tó gúnyán de ọmọ, tí ọmọ bu òkèlè méjì tó ní ó ti tó. Ìyàwó mi sunkún lóru ọjọ́ yẹn. Ó ní ṣé ebi ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ òun níṣẹ́ ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí obìnrin tó ń kọ́ wọn nípa oúnjẹ níbẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ṣàlàyé pé àìjẹun gan-an làwọn ń bá wọn jà lé lórí, lọ́kàn ẹ̀ tó balẹ̀ díẹ̀.

Ṣíṣubú nìkejì. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ní ẹṣin kì í dáni ká má tún un gùn. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ẹni tó pa òwe yẹn lẹṣin dá o. Tèmi já bọ́ ní oṣù kẹta, ọ̀rá ni afẹ́fẹ́ gbé kọjá níwájú ẹṣin, ẹ̀rù bà á, ó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, eegun èjìká ọmọ mi sán. Lọ́jọ́ eré gidi, áńbúláǹsì ló máa ń sá tẹ̀ lé àwọn ẹṣin lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ wo iṣẹ́ tí áńbúláǹsì ń tẹ̀ léni lẹ́nu ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń tọ́jú àwọn jọ́kì tó bá fara pa, Injured Jockeys Fund, ó ti wà láti 1964, wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn rìn padà. Ó dáa pé ó wà, àmọ́ òbí tó bá gbọ́ pé ó wà, ó yẹ kó bi ara ẹ̀ nídìí tó fi wà.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ owó, ibi tí mo rò pé ẹ̀yin ará ilé á ti tètè lóye jù, torí kíkọ́ṣẹ́ ni, bíi ti mẹ́káníìkì ní Múṣin gẹ́lẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń pe jọ́kì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ̀gá kan, trénà tó ń bá àwọn olówó tọ́jú ẹṣin wọn, owó tọ́mọ iṣẹ́ bá sì gbà lórí eré kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá á mú tiẹ̀ níbẹ̀. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ẹrù tó gbọ́dọ̀ gbé sáré. Tó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló gùn ún, wọ́n á yọ páun 7 nínú ẹ̀, páun ìwọ̀n o, kì í ṣe ti owó, kí ẹṣin fúyẹ́, kí ìyẹn lè dí ohun tí ọmọ náà ò tíì mọ̀. Tó bá ti gba ipò kìíní nígbà 20, páun 5 ni wọ́n á máa yọ. Tó bá di 50, páun 3. Tó bá pé 95, ó tán, òun àti àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ti dọ́gba.

Ní tiwa, tọ́mọ iṣẹ́ bá gba fúrídọ̀ọ̀mù, à á se ráìsì, à á dá aṣọ, à á ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá. Fúrídọ̀ọ̀mù tiwọn yìí, ọjọ́ tó dé gan-an lebi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹlòmíì. Trénà tó ń pè é lójoojúmọ́ nígbà tó ní páun 7, ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní páun 7 ló ń pè báyìí, ó ti mọṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò wá síṣẹ́. Ẹ̀rù èyí ló bà mí ju ti eegun èjìká lọ, torí eegun ń san. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó gba ilé-ìwé yẹn kọjá ni ò tiẹ̀ ní débi tí wọ́n á ti gun ẹṣin lọ́jọ́ eré, ilé ẹṣin ni wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́, wọ́n á máa gùn wọ́n láàárọ̀, wọ́n á máa tọ́jú wọn. Iṣẹ́ gidi nìyẹn náà, owó oṣù ń wọlé, mo ti sọ fún ọmọ mi pé tó bá jẹ́ ibi tó máa parí sí nìyẹn, ojú ò tì mí.

Ó wá ku ibi tí arákùnrin wa ti ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Ẹ̀gbọ́n, lọ́dún 1875 tí wọ́n kọ́kọ́ sá Kentucky Derby, eré ìje ẹṣin tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, jọ́kì 15 ló sá a, 13 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Oliver Lewis tó gba ipò kìíní náà, dúdú ni. Isaac Murphy gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Jimmy Winkfield gbà á ní 1901, ó tún gbà á ní 1902, àtìgbà yẹn dòní aláwọ̀ dúdú kankan ò gbà á mọ́, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n gùn mọ́, lílé ni wọ́n lé wọn, àwọn jọ́kì funfun á fi ẹṣin há wọn mọ́ ọgbà lórí eré, àwọn tó ni ẹṣin ò sì pè wọ́n síṣẹ́ mọ́, títí Winkfield fi gba Rọ́ṣíà lọ. Àwa tí oyè Olókùn-Ẹṣin ṣì wà ní Ọ̀yọ́ wa, àwa la wá ń sọ pé ẹṣin kì í ṣe tiwa! Ní Èkó gan-an, rééskọ́ọ̀sì, pápá eré ìje ẹṣin, ni Tafawa Balewa Square (TBS) tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fa àsíá wa sókè ní 1960, kí wọ́n tó kọ́ TBS sórí ẹ̀ ní 1972. Ẹṣin tó kù níbẹ̀ báyìí ò ju ẹṣin funfun mẹ́rin tí wọ́n mọ sẹ́nu géètì lọ.

Torí náà, ẹ̀yin olóòtú, tí arákùnrin wa bá tún fẹ́ kọ̀wé, ẹ bá mi sọ fún un pé kó bi àwọn òbí ní ìbéèrè tó ṣe gúnmọ́: ta lọ̀gá ọmọ yín, kí ló ń jẹ, kí ló máa ṣe lọ́jọ́ tí páun 7 bá tán? Tẹ́nìkan bá béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi, màá dáhùn, ibi tí mi ò bá sì mọ̀, màá lọ wádìí.

Èjìká ọmọ ti jinná, ó ti padà sórí ẹṣin láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ti pààrọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan kí n lè lọ wò ó ní Sátidé, ìyàwó mi ní òun náà ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ń ro ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ó ní kò sí iyán níbẹ̀, epo ẹ̀ náà sì mọ níwọ̀n.

Èmi ni tiyín,
Bàbá jọ́kì lọ́la,
Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù.