Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ lórí owó iṣẹ́ abẹ ilé ọmọ

Kétu, orílẹ̀-èdè Benin,
Ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni a wà nílé. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Kì í ṣe nítorí pé dókítà ní àfi kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ, nítorí èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, bí kò ṣe nítorí gbólóhùn tí o fi kádìí ọ̀rọ̀: "Ìyá, wọ́n ti sọ iye rẹ̀ fún mi, kò tilẹ̀ wọ́n tó bí mo ṣe rò." Jọ̀wọ́, jókòó ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú bíìkì lọ́wọ́, nítorí mo gbà pé owó abẹ nìkan ni wọ́n sọ fún ọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, ọmọ ilé ìwé ni ọ́, a kò sì jẹ́ kí ẹ mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ilé ìwòsàn kan, tí n kò ní dárúkọ, sọ iye kan fún bàbá rẹ, bàbá rẹ sì kà á sílẹ̀ pátápátá, a rò pé ọ̀ràn owó ti parí. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an ni nọ́ọ̀sì mú ìwé gígùn kan wá pé kí a lọ ra nǹkan: omi tí wọ́n ń fà sí ni lára, okùn tí wọ́n fi ń rán ara, ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́rẹ́, títí kan oògùn akunnilóorun. Àbúrò bàbá rẹ gun alùpùpù dé ilé oògùn mẹ́ta kí ó tó rí okùn náà, èmi sì ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ, mo ń wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni a tà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tí a sọ fún yín ni pé ó bàjẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ló dùn mí jù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n gbé ike funfun kan lé bàbá rẹ lọ́wọ́, ó tóbi tó ike bọ́tà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, wọ́n sì fi téèpù yí ìdérí rẹ̀ ká. Ohun tí wọ́n yọ lára mi ló wà nínú rẹ̀, nínú omi oògùn kan tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Wọ́n ní kí ó gbé e lọ sí Kútọnú, sí ibi tí wọ́n ti máa ń gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn jẹjẹrẹ fara pamọ́ síbẹ̀. Owó ti tán lọ́wọ́ wa. Ike náà wà lábẹ́ ibùsùn títí a fi rẹ̀wẹ̀sì, bàbá rẹ sì lọ sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Ara mi yá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń tẹ ikùn ara mi wò lóru.

Nítorí náà, kí o tó san kọ́bọ̀, padà lọ bá wọn kí o sì gba devis, ìyẹn ìṣirò gbogbo owó tí wọ́n kọ sórí ìwé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹnu sọ. Béèrè ohun tó wà nínú iye náà, kí o sì béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ìbéèrè kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ṣé owó ẹni tí yóò kùn ọ́ lóorun wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìpàdé tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ? Ṣé oògùn àti ohun èlò wà níbẹ̀, àbí ẹ̀yin ni yóò lọ rà á? Yàrá wo ni wọ́n fi ṣírò, èyí tí ènìyàn púpọ̀ ń pín ni àbí ti ẹnì kan ṣoṣo, fún alẹ́ mélòó? Bí ẹ̀jẹ̀ bá di dandan, ṣé àwọn mọ̀lẹ́bí ni yóò wá fún ọ, kí ni ẹ ó sì san? Ekógíráfì tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ikùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìpadàlọ láti yọ okùn ojú ọgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ní owó tirẹ̀. Owó àyẹ̀wò ike yẹn ni kí o kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí o sì fi pamọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yá a lọ́wọ́ rẹ, ìwọ fúnra rẹ pẹ̀lú.

Béèrè ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ṣe é pẹ̀lú. Wọ́n lè la ikùn, wọ́n lè gba ojú ara obìnrin yọ ọ́, àwọn mìíràn sì máa ń lu ihò kéékèèké tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wọ̀. Ti kámẹ́rà máa ń wọ́n jù nítorí ohun èlò rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Bí ìjù, ìyẹn kókó tó hù sínú ilé ọmọ rẹ, bá sì tóbi jù, ó lè jẹ́ pé ikùn nìkan ni wọ́n lè là. Ṣùgbọ́n wò ó bí oníṣòwò ṣe ń wo ọjà. Ẹni tí wọ́n la ikùn fún máa ń nílò bí ọ̀sẹ̀ 6 kó tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí wọn kò là ní ikùn lè tètè dìde, bóyá ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé. Jẹ́ ká ní èrè rẹ ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) jẹ́ 3.000 fàráǹ lójúmọ́, tí o sì ń jáde lọ́jọ́ 6 lọ́sẹ̀. 18.000 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, 108.000 ní ọ̀sẹ̀ 6. Owó yìí kò ní hàn nínú devis kankan, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ ni yóò san án. Tí ọ̀nà tó wọ́n bá dá ọ̀sẹ̀ 3 padà fún ọ, ó ti dá 54.000 padà; fi iye tó fi wọ́n ju èkejì lọ wé èyí, kí o tó sọ pé ó ti wọ́n jù.

Jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ bóyá wọ́n ó fi ilé ẹyin sílẹ̀. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì ní ọjọ́ orí 45 tí o wà yìí, ooru òjijì àti àìróorunsùn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ kan, oògùn tí wọ́n ń kọ fún un kì í sì í ṣe ti oṣù kan. Bí wọ́n bá sì fi ọrùn ilé ọmọ sílẹ̀, wàá ṣì máa lọ fún àyẹ̀wò rẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ ọmọ mọ́, ṣùgbọ́n bi dókítà náà léèrè bóyá oògùn, tàbí yíyọ ìjù nìkan, kò lè ṣe é. Tí ó bá ní kò lè ṣe é, jẹ́ kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Kò sí ìwà àìlọ́wọ̀ níbẹ̀.

O ní dókítà gbà pé kí o dúró tó oṣù 4. Má ṣe fi àwọn oṣù náà ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dà lára rẹ láti ọdún tó kọjá ti jẹ́ kí ojú rẹ funfun. Mo rí i nígbà tí o wá ṣe ọdún. Lo oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ tí wọ́n kọ fún ọ láìfo ọjọ́ kan, má ṣe fi tíì gbé e mì, kí wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ wò ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé kì í sábà nílò ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò kan bá fi hàn pé jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya débi pé òòyì ń kọ́ ọ, má ṣe dúró de owó kankan; pè mí, a ó yá a.

Ìyá Kàrímù ní ìjọba ti ń san owó iṣẹ́ abẹ àwọn obìnrin láti 2009. Ti aláboyún tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún nìyẹn, tìrẹ kò sí nínú rẹ̀. Asíráǹsì ìlera ti ìjọba tí wọ́n ń pè ní ARCH náà wà, ṣùgbọ́n àwọn tálákà tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni ó wà fún, kì í ṣe ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ọkọ rẹ wo ìwé asíráǹsì ibi iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ìdá mélòó ni wọ́n ń san, ṣé oògùn wà níbẹ̀, ṣé ìwé àṣẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó dá ọ dúró. Kí ó sì béèrè iye tiwọn ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Pobẹ̀, kí ẹ lè fi wé ti Àjàṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ Pobẹ̀, mo lè máa ti Kétu gbé oúnjẹ wá fún ọ.

Ní ti owó, bí o bá ń fi 5.000 sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 16 yóò di 80.000. Kò tó, mo mọ̀. Èmi ni èsúsú wa kàn ní oṣù kẹta sí ìsinsìnyí. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà. Ìwọ ni n óò fi owó náà fún, kì í ṣe àwìn, má ṣe bá mi jiyàn. Dípò kí o ti ṣọ́ọ̀bù pa, fi àbúrò ọkọ rẹ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó ti mọ àwọn oníbàárà, kí ó sì mọ àwọn tí wọ́n máa ń rajà láìsanwó.

Èmi ni yóò wá tọ́jú rẹ. Mo ti ń yan gàrí sílẹ̀, epo wà, mo sì ti sọ fún bàbá rẹ pé yóò máa jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ àbúrò rẹ fún ọ̀sẹ̀ 6, ó dákẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n óò kọ́kọ́ wọlé kí a jọ lọ gba devis náà. Mú ekógíráfì àti gbogbo ìwé dání, má ṣe kó wọn sínú báàgì tí o ń gbé lọ sọ́jà. Ìdí rẹ̀ ti ya.

Èmi ni ìyá rẹ.