Àyìndé, má fò ó mọ́

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àyìndé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́, o kú àárò ilé. Ṣé ara ìyàwó àti àwọn ọmọ le? Àlàáfíà la wà níbí. Màmá ní kí n kí ọ, orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yín, tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń jáde báyìí, ẹ ti tẹ bọ́tìnnì tó ń fò ó. O tún rẹ́rìn-ín, o ní, "Ta ló fẹ́ mọ ẹni tó gbé kámẹ́rà?" Mi ò bá ọ jà lójú ẹsẹ̀ nítorí owó tó wà lórí fóònù mi ti ń tán lọ. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé nìyí.

O mọ̀ pé Màmá ò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin ìjọ ni tiwọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, mo ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń ka ibi orúkọ yẹn bíi wọn. Wọn ò mọ ohun tí lẹ́tà ń wí, bó ṣe ń rìn ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn tó wà nídìí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu nínú eré, wọ́n á ti sọ ọ́: "Ẹ̀rín nìyí." "Ọlọ́pàá máa wọ èyí." "Ẹ jẹ́ n tètè lọ sùn ní tèmi."

Lóṣù tó kọjá ni mo gbé Dexter sí i, eré Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ jáde ní 2006. O ní o ti wò ó tán. Mo mọ̀ pé o fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà jẹ́ n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ. Ẹ̀fọn kan bà sí ọkùnrin kan lápá, ó gbá a pẹ́ẹ́, ẹ̀fọn kú. Ó ń fá irùngbọ̀n, abẹ ha á lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ kán sínú síǹkì funfun. Ó fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá ara ẹran, ó ju ẹran sínú páànù. Ó fọ́ ẹyin sí i. Ó lọ kọfí. Ó la ọsàn kan tí inú rẹ̀ pọ́n, ó fún un títí omi rẹ̀ fi ń ya. Ó wé òwú mọ́ ìka méjèèjì, ó fi ń yọ ìdọ̀tí láàárín eyín. Ó fa okùn bàtà gbọnin. Ó ki orí bọ ẹ̀wù funfun kan, ẹ̀wù náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lójú fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fún èèyàn lọ́rùn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jáde.

Kò sí òkú, kò sí ìbọn. Ẹni tó ń jẹun àárọ̀ ni. Orin tí Rolfe Kent ṣe sí i pàápàá, orin ẹni tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀ ni. Ó kàn jẹ́ pé kámẹ́rà sún mọ́ gbogbo nǹkan jù, ariwo ọ̀bẹ sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí orúkọ tó kẹ́yìn ṣe ń kọjá báyìí, iná lọ. Ilé ṣókùnkùn biribiri. Màmá dákẹ́ díẹ̀ lórí àga wọn, wọ́n wá ní, "Ọmọ yẹn ti pa èèyàn rí."

Mo ní, "Màmá, ẹyin ló dín."

Wọ́n ní, "Mo rí i. Bó ṣe dín in ni mò ń sọ."

O mọ̀ pé apànìyàn ni ọkùnrin náà lóòótọ́ nínú eré. Àyìndé, mo ti ń wo fíìmù láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ti ń yọ́ wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ, mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ báyẹn rí. Eré ìfẹ́ lè fi ẹyin díndín bẹ̀rẹ̀, eré ẹlẹ́rìn-ín náà lè fi bẹ̀rẹ̀, ẹyin kan náà ni. Bí wọ́n ṣe dín in ló máa sọ irú ìjókòó tó yẹ kó o jókòó fún ọ, bóyá kó o na ẹsẹ̀ ni o, àbí kó o ká a mọ́ra.

Ẹni tó kọ́ Hollywood lọ́gbọ́n yìí jù ni Saul Bass, ọmọ New York tí wọ́n bí ní 1920. Ayàwòrán ni, iṣẹ́ pósítà ló mọ̀. Kó tó dé, ibi orúkọ kò ju orúkọ lọ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù. Aṣọ ìkélé sinimá gan-an lè má tíì ṣí, orí aṣọ ni orúkọ á ti máa kọjá nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wá àga, tí wọ́n ń jẹ gúgúrú. Ní 1955, ó ṣe ti The Man with the Golden Arm fún Otto Preminger, eré nípa ẹni tí oògùn olóró mú lẹ́rú. Ọ̀pá funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ dúdú, wọ́n ń yọ wọlé, wọ́n ń lọ, títí ọ̀kan fi di apá èèyàn tó wọ́ bíi gbòǹgbò igi. Wọ́n wá kọ̀wé mọ́ àwọn agolo fíìmù náà pé kí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ṣí aṣọ ìkélé kí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé o rí i? Ọ̀gá yẹn ti ń bá irú ẹ̀yin wọ̀nyí jà kí wọ́n tó bí wa. Nígbà tí Netflix gbé bọ́tìnnì ìfò jáde ní 2017, aṣọ ìkélé yẹn náà ni wọ́n tún fà padà.

Ti Psycho ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Bass, 1960 ló jáde. Ìlà aláwọ̀ eérú ń sáré wọlé láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè, bí irin ojú fèrèsé. Orúkọ kì í jáde lódidi: apá òkè lẹ́tà wà níhìn-ín, apá ìsàlẹ̀ wà lọ́hùn-ún, wọ́n á sáré pàdé, wàá kà á, wọ́n á tún ya. Bernard Herrmann tó ṣe orin rẹ̀ ò lo fèrè, kò lo ìlù. Ohun èlò olókùn nìkan ló lò, fáólìn àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ń ha wọ́n bí ẹni ń fi ìbínú ta gòjé. Mo bi Màmá léèrè. Wọ́n ní, "Orí ẹnì kan ò pé níbí." Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, Hitchcock tó darí eré náà ò sì tíì fi ojú ẹnikẹ́ni hàn wọ́n o!

Má rò pé òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Hubert Ogunde, tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó ní 1944, kì í dédé já lu ìtàn. Opening glee ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, orin àti ijó tó ń sọ ohun tẹ́ ẹ wá wò fún yín. Àwọn fídíò ilé wa jogún rẹ̀ nígbà kásẹ́ẹ̀tì. Ṣé o rántí? Ìkìlọ̀ fáwọn tó ń ṣe àdàkọ, ìpolówó fíìmù mẹ́rin tó ń bọ̀ lọ́nà, nọ́ńbà fóònù, lẹ́yìn náà ni orúkọ á tó máa jáde, tí olórin kan á sì tú gbogbo ìtàn náà sílẹ̀ pátá: ọ̀rẹ́ á dalẹ̀, ìyáálé á fi májèlé sóúnjẹ, Olúwa á dá sí i. Bí lẹ́tà bá pupa, tó ń kán tó-tó-tó bí ẹ̀jẹ̀, tí àrá wá sán, oògùn owó nìyẹn, má ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Màmá ò fẹ́ràn orin yẹn. Wọ́n ní wọ́n ti jẹ ẹran tán kí ọbẹ̀ tó délẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìgbà wo ni ogún èèyàn tó kún pálọ̀ wa máa ń jókòó jẹ́ẹ́? Ẹni tó dìde lọ yí àkàrà nínú epo á padà wá bá ìtàn, kò ní sọnù.

Ọgbọ́n tó yàtọ̀ síyẹn wà nínú Seven, ti 1995, eré àwọn ọlọ́pàá tó ń wá apànìyàn kan. Kyle Cooper ló ṣe ibi orúkọ rẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ ha, tó ń gbọ̀n, bí ẹni pé apànìyàn náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Orúkọ Kevin Spacey kò sí níbẹ̀ rárá, òun ló sì ṣe apànìyàn ọ̀hún. Ìgbẹ̀yìn eré ni wọ́n tó kọ ọ́. Olórin tiwa ì bá ti dárúkọ ẹ̀ kí ìlù tó gbóná.

The Sopranos nìkan ni mo rò pé Màmá gbà sódì. Ọkùnrin kan jáde láti abẹ́ ilẹ̀ New York, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà, ó ń fa sìgá ńlá, New Jersey ń kọjá lára fèrèsé, ilé ẹlẹ́ran, ilé ńlá, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Nínú dígí mọ́tò ni ilé gogoro méjèèjì ti World Trade Center wà nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1999. Lẹ́yìn tí àwọn apániláyà wó ilé náà ní 2001, wọ́n yọ ọ́. Màmá ní bàbá olówó kan ni, ìyàwó àti ọmọ ló ń da orí rẹ̀ rú. Mo ní, "Rárá o, jàǹdùkú ni." Wọ́n ní, "Ṣé jàǹdùkú ò níyàwó ni?" A wo apá mẹ́ta. Ilé ló ń lọ lóòótọ́, ilé ló sì ń dà á láàmú.

Bí àwọn ọmọ bá tún gbé Stranger Things sí i, gba rìmóòtù lọ́wọ́ wọn. Pa ohùn rẹ̀ kó o wò ó, lẹ́yìn náà kó o di ojú kó o gbọ́ ọ. Ohun tó o bá rí, kọ ọ́ sí mi. Má sì gbàgbé gíláàsì ojú Màmá tí a sọ, nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé kékeré tí mo fi sínú àpò yìí.

Wọn ò jẹ́ kí n gbé Dexter sí i mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wo ẹni bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń pariwo láti yàrá pé kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ọwọ́ ti tẹ ọmọ ẹlẹ́fọn yẹn.

Èmi ni,
Àkànní rẹ.