Lẹ́tà sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́ ní Ìparí Táàmù Kejì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe làálàá lásán.

Káàdì èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà kíláàsì. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife-ẹ̀yẹ eré ìdárayá. Lẹ́sìnnì WAEC àwọn SS3 kò ní dúró nínú ìsinmi.

Àwọn òbí kan fi ìbínú wá bá mi ní ọ́fíìsì pé a kó àwọn ọmọ Jọ́gíráfì SS2 láti Iléṣà lọ wo omi ìdọ̀tí ní Ajégúnlẹ̀, l'Ékòó, àti pé owó ìrìn-àjò náà ti wọ́n jù. Ọmọ kankan kò kẹsẹ̀ bọ omi. Àwọn tíṣà wà pẹ̀lú wọn, orí pákó ni wọ́n dúró sí. Owó bẹntiróòlù ló sì gbé owó mọ́tò sókè.

Ní Ajégúnlẹ̀, bí òkun bá kún, tí òjò sì rọ̀ lé e, kánáálì kì í ríbi da omi sí mọ́, ilé àwọn èèyàn ló ń dà á padà sí. Omi ṣáláńgá, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti pàǹtí ló sì ń bá a wọlé. Àwọn ọmọ yín rí ìlà dúdú tí ọ́ìlì fi sílẹ̀ lára ògiri, ó ga dé àyà wọn. Wọ́n rí ibùsùn tí ìyá kan fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè. Ní Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun l'Ékòó, ògiri òkúta ni wọ́n fi dá òkun dúró. Ta ló mọ ògiri fún Ajégúnlẹ̀?

Lọ́dún 2005, ìkún omi ìjì Katrina ṣí táǹkì epo rọ̀bì kan nídìí ní ilé-ìfọpo kan ní Louisiana, l'Amẹ́ríkà. Epo tó lé ní mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù tú jáde, ó ba nǹkan bí 1,800 ilé jẹ́. Àwọn tó múlé ti ilé-ìfọpo ló fara gbá a.

Bàbá kan bi mí pé kí ló kan Ìjẹ̀ṣà nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ó kàn wá gan-an, sà. Ẹrẹ̀ tí àwọn awakùsà wúrà ń fọ̀ sódò nílẹ̀ wa ń wọ odò Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń mu ohun tí tòkè bá dà sí i.

Nítorí náà, ìrìn-àjò yìí kò ní dúró, owó rẹ̀ kò sì ní dín. Ẹni tí kò bá rọ̀ lọ́rùn lè máa san án díẹ̀díẹ̀, a kò ní fi ọmọ kankan sílẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, bàtà òjò di dandan.

Mo kí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Àyíká wa kú iṣẹ́ ribiribi. Àwòrán odò Ọ̀ṣun tí wọ́n yà, láti orísun títí dé ọ̀sà, wà lára ògiri gbọ̀ngàn. Ẹ yà wò ó bí ẹ bá wá gba káàdì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé