Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: aṣọ ijó ayé àtijọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àdúrótì wa. Kí a tó gé aṣọ ijó ayé àtijọ́, ìyẹn aṣọ tí ẹ fi ń múra bí ará ìgbà kan lọ síbi ijó, fún ẹnikẹ́ni, a máa ń bi í pé: “Ṣé bí wọ́n ṣe rán an láyé ìgbà yẹn gan-an lẹ fẹ́ ẹ, àbí bí àwọn ará ayé Victoria ṣe rán tiwọn?” Àwọn kan ní ìbéèrè yẹn ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ní 12 oṣù Karùn-ún 1842, Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Albert ọkọ rẹ̀ pe ijó ńlá kan, tí wọ́n ti múra bí ará àtijọ́, sí ààfin Buckingham. Albert múra bí Ọba Edward Kẹta, tó ti jọba ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú. Victoria múra bí Philippa, ìyàwó Edward. Ọjà ti kú mọ́ àwọn tó ń hun ṣẹ́dà ní Spitalfields, ní London, lọ́wọ́, ijó náà sì wà láti mú iṣẹ́ bá wọn. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, ibẹ̀ yẹn máa ń wú mi lórí gidigidi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán wọn tí ayàwòrán Landseer yà. Adé orí Victoria jọ ti Philippa lóòótọ́. Ìbàdí tó há gádígádí yẹn, ti 1842 ni. Philippa kò mọ kọ́sẹ́ẹ̀tì eléegun, ìyẹn aṣọ abẹ́ olókùn tó ń fún ìbàdí pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe níbi ijó wọn ní 1845, nígbà tí wọ́n múra bí ará 1740 sí 1750, àti ní 1851, nígbà tí wọ́n mú ti ayé Ọba Charles Kejì. Ojú àtijọ́ ló wà lókè, ara tiwọn ló wà lábẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan mú fọ́tò aṣọ tí ẹnì kan fi múra bí ará àtijọ́ síbi ijó ní 1897, láyé Victoria, wá, ó ní òun fẹ́ múra bí ìyáàfin ọdún 1740. A rán an bí a ṣe rí i nínú fọ́tò. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ kò fẹ̀ bíi tàwọn obìnrin ayé ìgbà náà. Òótọ́ ló sọ: yẹ̀rì oníférémù tó ń na aṣọ sọ́tùn-ún sósì ni kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àwa la jẹ̀bi, a kò bi í. Òru méjì ni mo fi jókòó, tí mò ń fi bíléèdì tú ojú rírán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ṣẹ́dà náà má baà ya.

Bí ẹ bá mú ti ayé Victoria, kọ́sẹ́ẹ̀tì la ó kọ́kọ́ rán. Orí rẹ̀ la ó ti fi téèpù wọn yín, nítorí ìwọ̀n ara máa ń yí padà tí a bá ti fa okùn rẹ̀. Ti 1740 gan-an ń gba aṣọ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga jù. A kì í fi síìpù sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá wọn ara, ẹ mú àwòrán náà dání, kí ẹ sì mú bàtà tí ẹ máa wọ̀ wá. Gíga bàtà la fi ń gé ìsàlẹ̀ yẹ̀rì.